Kòkòrò Ẹlẹ́sẹ̀ Méje Tí Mo Fi Ìda Mọ

Ọjọ́ tí Ọ̀gá Fálànà gbé kòkòrò mi sókè níwájú àwọn àgbẹ̀ ìletò kan lẹ́bàá Ìyànà Ọ̀fà, mo gbà pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Mọ́níyà ni mo wà nígbà náà, tí mò ń mọ àwòṣe kòkòrò. Ìda oyin ni a fi ń mọ ara, wáyà ni ẹsẹ̀, aṣọ sílíìkì tí a tẹ̀ bọ sítáàṣì ni ìyẹ́. A máa ń mọ ọ́n tóbi tó ológbò, kí àgbẹ̀ lè rí ẹnu tí kòkòrò fi ń fa omi kókó mu. Bàbá Àkànní tí wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ kì í gba gbẹ̀rẹ́. "Mísì, ka ẹsẹ̀ kí o tó kùn ún. Mẹ́fà ni Ọlọ́run fún kòkòrò, ìwọ náà má bù sí i."

Àsìkò tí rédíò ń pariwo àwọn tó lọ rìn lórí òṣùpá ni dókítà òyìnbó kan láti yunifásítì wá bá mi. Ohun àfọwọ́ṣe ló ń kó jọ sílé, bí ọmọdé ṣe ń kó ìdérí ìgò jọ. Ó ní kí n bá òun mọ kòkòrò tó ń gbé ayé mìíràn, ayé tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé. Mo bi í bí ó ṣe rí. Ó ní èmi ni kí n sọ fún òun.

Kí n má parọ́, inú mi dùn. Láti ìgbà tí mo ti dé ọ́fíìsì, n kò tíì mọ ohun tó ti orí ara mi wá. Mo fún kòkòrò náà ní ẹsẹ̀ méje, ojú mẹ́ta tí mo fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe, àti ìwo kan lẹ́yìn tí èmi gan-an kò mọ ìwúlò rẹ̀. Mo gbé e sórí pẹpẹ láàárín àwọn yòókù kí ọ̀dà rẹ̀ lè gbẹ. Àṣìṣe mi nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni Ọ̀gá Fálànà tó ń kó àwòṣe wa lọ han àwọn àgbẹ̀, kánjúkánjú ló sì ń ṣe gbogbo nǹkan. Ó kó ohun tó bá lórí pẹpẹ sínú àpótí, ó di ìpàdé àgbẹ̀.

"Mísì, èwo tún nìyí?" ló bi mí níwájú èrò.

Oṣù yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ sọ mí di òṣìṣẹ́ ìjọba gidi. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Tuntun ni, sà."

Ó yíjú sí àwọn àgbẹ̀. "Ta ló ti rí i lóko?"

Àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Súlè bá dìde lẹ́yìn. "Ó wà lóko mi. Ó pọ̀."

Èmi tí mo mọ ọ́n ni mo kọ́kọ́ lanu.

Lọ́jọ́ kejì, mọ́tò ìjọba gbé wa lọ sí oko Bàbá Súlè, tòun ti òṣìṣẹ́ mẹ́ta àti ẹ̀rọ tí a fi ń fín oògùn. A wá ẹlẹ́sẹ̀ méje títí, a ò rí i. Ohun tí a rí ni kòkòrò kókó tí gbogbo ayé mọ̀, wọ́n bo igi. Èso ti dúdú, ewé ti gbẹ, ìdajì oko ti ń kú lọ. Àánú Bàbá ṣe mí débi pé mo gbàgbé ìbẹ̀rù ara mi. Bí Ọ̀gá Fálànà bá bínú lọ, oògùn bá a lọ nìyẹn.

"Bàbá, ẹlẹ́sẹ̀ méje dà?" Ọ̀gá bi wọ́n.

Mo kúnlẹ̀ sórí ewé kókó. "Ẹ má bínú, sà. Kò sí níbì kankan. Orí mi ni mo ti mú un jáde."

Bàbá Súlè rẹ́rìn-ín. "Dìde, ọmọ mi. Mo mọ̀. Láti kékeré ni mo ti ń roko, n ò rí ohun tó fi ẹsẹ̀ méje rìn rí." Wọ́n kọjú sí Ọ̀gá. "Ọdún méjì ni mo fi ń ránṣẹ́ sí yín nítorí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, ẹ ò wá. Àná ni mo pè yín sí ẹlẹ́sẹ̀ méje, ẹ ti dé."

Ọ̀gá Fálànà wo èso dúdú náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n po oògùn. Kò sọ ọ̀rọ̀ mi fún ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì. Mo rò pé ojú ti òun náà.

Dókítà gba kòkòrò rẹ̀, ó sì gbé e sínú àpótí onígíláàsì. Ṣùgbọ́n kí a tó kúrò lóko lọ́jọ́ náà, Bàbá Súlè ti fà mí sẹ́yìn igi. Wọ́n ní àna àwọn ní Ẹ̀rúnmu, tí oko rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀gá mìíràn, ti kọ lẹ́tà mẹ́rin nípa kókó rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì wá. Ṣé n kò lè mọ òmíràn?

Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí. Mo kọ́kọ́ tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo wá gbé ìkòkò ìda kaná.