Adójútòfò fún Ilé Màámi ní Dadin Kowa

Iná wáyà ló jó ṣọ́ọ̀bù kan ní Tina Junction, ní Jos níbí, láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́. Ilé Màámi ní Dadin Kowa ti gbó. Wáyà inú rẹ̀ dàgbà jù mí lọ. Màámi nìkan ló sì ń gbé ibẹ̀ látìgbà tí Bàbá ti kú. Èmi ń gbé ní Bauchi Road, bí mo bá ti gbóòórùn èéfín, àyà mi á já. Mo ní kí n kúkú ra adójútòfò, ìyẹn inṣọ́ránsì, sílé náà, kí ìyá mi lè ríbi forí pamọ́ sí bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀.

Màámi ò fẹ́ ẹ. Lójú tiẹ̀, ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ iná ń pe iná wálé ni. Mo bi í pé ta ló pe ti Tina Junction. Ó ní kí n má fi ẹnu mi sọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé òun.

Mo ṣáà pe iléeṣẹ́ adójútòfò. Ọmọkùnrin tí wọ́n rán wá jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, àmọ́ Jos ni wọ́n bí i sí, Hausa ló sì fi kí Màámi kó tó rántí dọ̀bálẹ̀. Ọ̀sán ni, ọyẹ́ mú, kò sí iná mànàmáná. Ó ń ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan.

"Mama, tí ilé bá jó..."

"Kò ní í jó."

"To, kò ní í jó. Ṣùgbọ́n tó bá jó..."

"Lórúkọ Jésù, kò ní í jó!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ọmọkùnrin náà wá kọjú sí mi. Ó ní a lè mú ti ilé nìkan, a lè fi ti ẹrù kún un, a sì lè fi owó ibùgbé kún un: bí ilé ò bá ṣeé gbé mọ́, iléeṣẹ́ á máa sanwó ibòmíràn fún Mama títí wọn á fi tún un kọ́. Nítorí ti ìkẹyìn yìí gan-an ni mo ṣe pè é.

"Yọ ìyẹn kúrò," Màámi wí. "Mi ò lọ ibì kankan."

Inú bí mi. Mo ní ṣé inú eérú ló fẹ́ máa sùn ni? Ó ń wo ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, bíi pé ẹnìkan ti bá a fèsì níbẹ̀.

Yàrá ẹ̀yìn ọ̀hún ló kù láti yà. Ibẹ̀ la sin Bàbá sí, gẹ́gẹ́ bí ìdílé wa ti máa ń ṣe, kí onílé má baà sun ìta. Táìlì funfun la fi bo ojú oórì náà. Ọmọkùnrin náà mọ àṣà. Ó bọ́ bàtà, ó tọrọ gáfárà. Yàrá náà tutù ju ìta lọ. Ó ká ẹní Màámi kúrò nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gìgísẹ̀ kan sìmẹ́ńtì wò bóyá ó ti là. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ oórì Bàbá, ilẹ̀ dún bí àgbá òfìfo.

"Kai!" Ó fò sẹ́yìn. "Mama, kí ló wà lábẹ́ ibí?"

"Kò tíì sí nǹkan kan níbẹ̀," Màámi wí jẹ́ẹ́. "Tèmi ni. Ìgbà tí wọ́n ń gbẹ́ ti ọkọ mi ni mo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Orí ẹ̀ ni mò ń sùn."

Èmi ọmọ rẹ̀ ò mọ̀. Mo ti jókòó sórí ẹní yẹn jẹun àìmọye ìgbà.

Màámi wá yíjú sí mi. "Bí wọ́n bá gbé mi lọ ibòmíràn, tí mo sì kú síbẹ̀, ta ló máa dá mi padà síbí? Ìwọ tí ẹ̀rù òórùn èéfín lásán ń bà?"

Ẹ̀rù ìyá mi bà mí, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Mo ní kí ọmọkùnrin náà yọ owó ibùgbé kúrò, kó kọ ti ilé nìkan. Màámi ṣàdúrà fún mi, ó ní ọmọ mi náà á ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn náà ló gba ẹní rẹ̀ lọ́wọ́ àlejò, ó sì tẹ́ ẹ padà síbẹ̀.