Adé Inú Fóònù Ìyá Mi

Agogo kékeré kan ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, èyí tó máa ń dún nínú fóònù mi ní Ìkòròdú nígbàkigbà tí ìyá mi bá gba adé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bó bá ti dún báyìí, n ó pè wọ́n lójú ẹsẹ̀, n ó sì máa kì wọ́n bí ẹni ń kì ìyàwó tuntun.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló bí ọ̀rọ̀ náà. Dókítà ní ìyá mi ń jókòó jù nídìí léèsì wọn ní Ọjà Balógun, pé bí wọn ò bá máa rìn lójoojúmọ́, àrùn rọpá-rọsẹ̀ ò jìnnà sí wọn. Àrùn yẹn ló pa bàbá mi, nítorí náà ẹ̀rù bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n Àlàájà, ìyá mi, ní àwọn ò lè máa rìn káàkiri láìní ibi tí àwọn ń lọ, kí ará àdúgbò má baà sọ pé orí àwọn ti yí.

Èmi tí mo rò pé mo gbọ́n nígbà náà, mo gbé géèmù kan sínú fóònù wọn. Ìṣísẹ̀ ni géèmù ọ̀hún ń kà. Ẹni tó bá rìn dé iye kan lóòjọ́ á gba adé, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe é á sì rí i lórí fóònù tirẹ̀. Èmi àti ìyá mi nìkan la jọ ń ṣe é. Mo ní kí wọ́n ṣáà ti máa gba adé, pé ọkàn mi á balẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti lọ kí wọn ní Sátidé mọ́. Kí ni mo tún fẹ́ lọ wò? Mo ṣáà ń rí wọn lórí fóònù.

Ni adé bá ń ya wọlé. Ìyá mi tó jẹ́ pé wọ́n á sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gun àtẹ̀gùn ilé wa tán, wọ́n ń rìn jù mí lọ. Ó rú mi lójú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní orúnkún ò jẹ́ kí àwọn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ náà gan-an ni ìṣísẹ̀ wọn pọ̀ jù.

Nígbà tí a padà lọ rí dókítà, ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo bá fi gbogbo adé hàn án. Ó wo adé, ó wo ẹsẹ̀ ìyá mi tó wú, ó wá wo èmi náà.

Lọ́jọ́ kejì mo gba Balógun lọ láìsọ fún wọn. Bí mo ṣe ń súnmọ́ ṣọ́ọ̀bù, obìnrin alábàárù tó máa ń bá wọn ru ẹrù kọjá lára mi, ẹrù léèsì lórí rẹ̀, ó ń lọ sọ́nà CMS wàràwàrà. Àfi bí agogo ṣe dún nínú àpò mi. Ó ti mọ́ mi lára, mo pè. Fóònù ìyá mi bá ń dún níbàdí alábàárù. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀ lé e.

Ìyá mi jókòó sórí àga wọn. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ alábàárù, wọ́n gbé e sétí, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni o.”

Ẹ̀yìn wọn ni mo wà. Mo ní, “Màmá, kí lẹ ń ṣe yìí?”

Wọ́n yíjú padà. Ojú tì wọ́n díẹ̀. Wọ́n ní, “Tí adé ò bá dún, o kì í pè mí.”

Mo ti yọ géèmù náà kúrò. Ní gbogbo Sátidé, èmi àtàwọn la jọ ń rìn dé CMS, a sì máa ń pẹ́ lọ́nà nítorí kò sí ẹnu ọ̀nà tí wọn kì í yà kí èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń wálẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ìrìn ni, bóyá ìkíni ni, bóyá èmi ni. Láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n máa ń pè mí pé àwọn ti dá rìn, wọ́n á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ lórí fóònù. Mi ò kì í mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mo kàn máa ń wọkọ̀ lọ wò wọ́n.