Ihò Ẹ̀yìn Tẹlifíṣọ̀n Káfíńtà

Káfíńtà àgbà kan wà tí kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti yọ inú rédíò rẹ̀ tà rí, ló bá fi ìda àbẹ́là dí gbogbo ihò ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, kó lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ fi ọmọ tuntun hàn án láti òkèèrè, àbúrò ọkọ ọmọbìnrin náà gbé kọ̀ǹpútà wá. Ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì, kò lè rí ojú kọ̀ǹpútà, àfi ti tẹlifíṣọ̀n tó tóbi. Síbẹ̀, kò gbà kí wọ́n yí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà síta. Àna rẹ̀ na ọwọ́ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ó ti wáyà kọ̀ǹpútà bọ ihò. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó tẹ rìmóòtù, ó pààrọ̀ wáyà, òtúbáńtẹ́ ló já sí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi."

Káfíńtà fẹ̀yìn ti tẹlifíṣọ̀n. "Ẹn-ẹ́n! Ohun tó o bá wá gan-an nìyẹn."

"Rárá o, bàbá. Wáyà ni kò wọlé tán, bíi pé nǹkan dí i."

Ìyàwó káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. "Olórí ilé mi, ṣé ẹ ti sọ ti àbẹ́là yẹn fún un?"

Káfíńtà pa iná tẹlifíṣọ̀n, ó gbẹ́ igi tín-ínrín kan, ó sì ha ìda náà jáde fúnra rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ti wáyà bọ ihò padà, tí wọ́n sì tan iná, àwòrán yọ. Ọmọ tuntun fajú ro, ó ń wo bàbá bí ẹni tó ń wo olè.

"Ẹ ò rí i," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ẹ ò tíì gbé e, ó ti ń fura sí yín."