Ẹni Tó Tẹ Àdúrà Kẹrin

Bí ẹ bá wá sí ìjọ wa ní Lanham, nílùú òyìnbó níbí, tí ẹ gba ìwé àdúrà lẹ́nu ọ̀nà, Màmá Ìtùnú ló tẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò ní í sùn títí yóò fi tẹ àdúrà tí Pásítọ̀ Felix bá kà fún un lórí fóònù. Kò gba gbẹ̀rẹ́. Bí ẹ bá pẹ́ dé, yóò fún yín níwèé, yóò sì fojú bá yín wí. Ó ti fojú bá èmi wí ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ìjọ yìí ló kù fún un.

Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí háyà ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ilé ìjọsìn wa láti fi ṣe mọ́ṣáláṣí, inú wa kò dùn. Ká má purọ́. Yorùbá bíi tiwa ni wọ́n, Àlàájì Kabir tó ń tọ́jú ibẹ̀ sì máa ń kí wa dáadáa. Àwa ń ṣàròyé pé wọn yóò gba ibi tí à ń gbé mọ́tò sí. Pásítọ̀ wá ka àdúrà mẹ́wàá fún Màmá. Ẹ̀kẹrin ni pé kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ilé àjèjì tó wà níwájú wa ṣílẹ̀kùn. Màmá bi í pé ṣé mọ́ṣáláṣí ló ń sọ.

"Mummy, ẹ sáà tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́.

Láàárọ̀ Sátidé, a gba àdúrà náà. Nígbà tó kan ẹ̀kẹrin, ilé mì tìtì. Èmi náà ṣe àmín, ohùn mi sì ròkè. Tọ́pẹ́, ọkùnrin tó ti ń to àga fún wa fún ọdún méjì, kò dúró gba ẹ̀karùn-ún. Ó mú irin nínú mọ́tò rẹ̀, ó sọdá, ó fọ́ gíláàsì iwájú mọ́ṣáláṣí náà. Àlàájì Kabir ń gbálẹ̀ nínú ilé. Àfọ́kù gíláàsì wọ̀ ọ́ lójú ọ̀tún, ojú náà kò sì ríran mọ́.

Ọlọ́pàá mú Tọ́pẹ́. Lọ́jọ́bọ̀, Pásítọ̀ pe Màmá sí ọ́fíìsì. Mo wà níbẹ̀.

"Mummy, ẹ bá mi yọ orúkọ Tọ́pẹ́ kúrò nínú list. Kò tíì parí membership class. Technically, kì í ṣe member."

"Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń to àga tí à ń jókòó lé, sà."

"Mo mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n àwọn oníròyìn ti ń pè. Ẹ̀yin lẹ máa ka statement yẹn on Sunday, pé kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, pé a ò mọ ohun tó ń rò."

"A mọ̀ ọ́n, sà. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

Pásítọ̀ ní bí kò bá lè kà á, kó fi iṣẹ́ ìwé ìjọ sílẹ̀. Inú bí mi sí Màmá. Nígbà tí a jáde, mo sọ fún un pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.

"Ojú Àlàájì ńkọ́?" ló bi mí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dìde, kò ṣí ìwé tí Pásítọ̀ fún un kà.

"Ọmọ ìjọ wa ni Tọ́pẹ́," ló wí. "Mo mọ ohun tí àdúrà yẹn ń sọ, mo sì tẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ lọ bẹ Àlàájì Kabir. Ẹni tó bá ṣe àmín sí i, ẹ dìde, ká jọ lọ."

Ẹnikẹ́ni kò mira. Ó pẹ́ kí Anna, ìyàwó Tọ́pẹ́, tó dìde, ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ibi iṣẹ́ ni Anna wà ní Beltsville lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Kò ṣe àmín kankan.

Mo rí àwọn méjèèjì lójú fèrèsé bí wọ́n ṣe ń sọdá. Ojú tì mí gan-an, síbẹ̀ mo jókòó. Pásítọ̀ ní kí n dá orin, mo sì dá a.