Kóòtù Tí Apá Rẹ̀ Kò Dọ́gba

Nínú gbogbo àwọn tí mo ti wa mọ́tò fún, nọ́ọ̀sì yìí nìkan ni kì í kánjú, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń tọ́jú gan-an ni ọjọ́ ti lọ lórí wọn. Iṣẹ́ wa ni ká máa lọ sílé àwọn tí dókítà ti sọ pé oògùn ò ràn mọ́, ká rí i pé ìrora ò pọ́n wọn lójú títí wọ́n á fi lọ. Òun ló ń fún wọn ní oògùn. Èmi ń wa mọ́tò, mo sì ń bá a gbé aláìsàn dìde. Ẹ-Jókòó là ń pè é níbi iṣẹ́ wa, nítorí kò sí ilé tó wọ̀ tí kì í gbé àga kékeré kan jáde látinú búùtù. Òun kọ́ ló ń jókòó lé e. Ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá bí ẹni tó wá gba lẹ́tà ló máa ń gbé e fún, á ní, "Ẹ jókòó," á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀gá wa ò sì mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Lọ́dún kan wọ́n kó gbogbo wa jọ fún ọjọ́ méjì láti kọ́ wa bí a ṣe ń dákẹ́ tẹ́tí sí ẹbí aláìsàn. Olùkọ́ náà sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjèèjì, kò dákẹ́ àfi ìgbà tó ń jẹun. Ẹ-Jókòó gba ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, ó fi tẹ́ ìsàlẹ̀ báàgì rẹ̀ kí ìgò oògùn má baà dà sí i.

Ohun tí mo rí kọ́ bí mo ṣe ń tẹ̀ lé e kiri ni pé ẹni tó ń kú kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ èèyàn lẹ́nu. Àwọn tó máa kù nílé ni kì í jẹ́ ká sinmi.

Ẹ gbọ́ ti bàbá télọ̀ kan. Ogójì ọdún ló fi rán kóòtù kí jẹjẹrẹ tó mú un lẹ́dọ̀, dókítà sì ní bóyá ló fi máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ débẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti pàdé wa lẹ́nu géètì. Àkọ́bí jẹ́ olùkọ́ obìnrin tó máa ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, òṣìṣẹ́ báńkì, ń mi orí sí gbogbo ohun tó bá ti sọ. Wọ́n ní Màmá mọ̀ pé Bàbá ò ní pẹ́ lọ, àwọn sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sunkún níwájú Bàbá.

Àkọ́bí di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ kí Bàbá mọ̀. Ọkàn wọn ò lè gbà á."

"Mo gbọ́. Kò ní tẹnu mi jáde."

A wọlé. Mo fi ọwọ́ gbé Bàbá dìde kí nọ́ọ̀sì lè to ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn. Bàbá ní sùúrù títí ilẹ̀kùn fi pa dé.

"Nọ́ọ̀sì, mo mọ̀ pé mò ń lọ. Ẹ má jẹ́ kí ìyàwó mi mọ̀. Ọkàn rẹ̀ ò lè gbà á."

"Mo gbọ́ sà. Kò ní tẹnu mi jáde."

Nígbà tí a ń padà, mo rẹ́rìn-ín débi pé mo kọjá ibi tó yẹ kí n yà. Ẹ-Jókòó ò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn méjì tí wọ́n ti jọ gbé fún ọdún méjìdínlógójì fẹ́ fi irọ́ pínyà, ìyá yẹn ni irọ́ náà sì máa kù sí lọ́wọ́ nígbà tí kò ní sí ẹni tó lè bá a tú u mọ́. Mo ní kó kúkú sọ fún wọn. Ó ní òun ti ṣèlérí, àti fún tibí àti fún tọ̀hún.

Bí ọ̀rọ̀ ilé náà ṣe wá di eré orí ìtàgé nìyẹn. Àwọn ọmọ á wọlé, wọ́n á ní Bàbá ti sanra, bẹ́ẹ̀ egungun èjìká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ síta. Bàbá á ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ń gbádùn. Màmá á gbé omi wọlé, á ní, "Ara yín ti ń yá," á sáré jáde lọ ṣí omi ẹ̀rọ ní kíṣíìnì kí ariwo rẹ̀ lè bo ẹkún rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àga wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Fóònù òṣìṣẹ́ báńkì nìkan ló ń jókòó lé e.

Lọ́jọ́ kan Bàbá ní oníbàárà kan ń kánjú gba kóòtù, kí wọ́n bá òun mú aṣọ aláwọ̀ eérú kan wá láti ṣọ́ọ̀bù. Inú àwọn ọmọ dùn dé ẹ̀yìn. Òṣìṣẹ́ báńkì pe gbogbo ẹbí lórí fóònù pé Bàbá ti ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Àkọ́bí tiẹ̀ bi wá bóyá ó tó àkókò láti dín oògùn kù.

Èmi ni mo bá a di etí kejì tépù ìwọnṣọ mú. Kò sí oníbàárà kankan, ara rẹ̀ ló ń wọ̀n. Kóòtù tí wọ́n máa fi sin ín ló fẹ́ rán. Ó ní bí òun bá kú tán, télọ̀ òpópónà kejì, tó ń rán kóòtù bí àpò sìmẹ́ńtì, ni wọ́n máa gbé e fún, òun ò sì lè wọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni yẹn lọ síbi tí òun ò ti ní lè bọ́ ọ.

Ọjọ́ mẹ́fà ló fi fi ọwọ́ rán an lórí ibùsùn. Ojú bọ́tìnnì ló dá a dúró. Ó dán an wò lára àjákù aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ó bà á jẹ́. Nọ́ọ̀sì bi í pé ta ló máa ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ìyàwó òun ni, láti ọjọ́ tí òun ti gbé e. Nọ́ọ̀sì ní ṣé kí òun gbé e fún Màmá, òun á kàn ní oníbàárà ló ni ín. Bàbá rò ó títí. Ó lè parọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ kí kóòtù tó ní ojú bọ́tìnnì játijàti ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ó gbà.

Màmá wọ awò ojú rẹ̀, ó tẹ́ kóòtù náà sórí tábìlì pálọ̀, ó gbé apá kan lé èkejì bó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo kóòtù. Apá ọ̀tún fi ìbú ìka kan gùn ju tòsì lọ. Ó tún un gbé lé ara wọn. Ogójì ọdún ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ti fa èjìká ọ̀tún ọkọ rẹ̀ wálẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń rán irú kóòtù bẹ́ẹ̀ fún. Ó ká a, ó gba yàrá lọ.

Àwọn ọmọ dìde láti tẹ̀ lé e. Ẹ-Jókòó dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọnin, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lo oògùn Bàbá fún òun, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò rí i bí inú àkọ́bí ṣe dùn láti kọ́ nọ́ọ̀sì níṣẹ́.

Èmi wà nínú yàrá, gbogbo ìwọ̀n Bàbá wà lápá mi, mi ò ríbi sá sí.

"Bàbá wọn, ta ló ni kóòtù yìí?"

"Oníbàárà kan ni."

"Oníbàárà wo ni apá ọ̀tún rẹ̀ gùn ju tòsì lọ?"

Bàbá kọjú sí ògiri. Màmá gbé fóònù ọmọ rẹ̀ kúrò lórí àga, ó jókòó.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Kí ìwọ tó mọ̀ ni."

Màmá gbá a lẹ́sẹ̀ lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Bàbá bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló wá sunkún, ẹkún tòótọ́, láìsí omi ẹ̀rọ. Bàbá ní kì í ṣe ikú ló ń ba òun lẹ́rù, bí Màmá ṣe máa dá wà nínú ilé yìí ni. Màmá ní ohun tó ń ba òun náà lẹ́rù nìyẹn. Mo fi ìrọ̀rí rọ́pò apá mi, mo jáde, mo sunkún nínú mọ́tò. Ojú ò tì mí.

Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti ń jókòó sórí àga yẹn lójoojúmọ́, tó ń ṣe ojú bọ́tìnnì. Iṣẹ́ wákàtí kan ni fún un. Ó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣe é. Tí ọmọ bá ti wọlé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn nípa oníbàárà tí kò ní sùúrù. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ń fi eyín gé òwú ojú bọ́tìnnì tó kẹ́yìn nígbà tí Bàbá mí kanlẹ̀, tí kò sì mí mọ́.

A lọ kí wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti fi kóòtù náà sin Bàbá. Òṣìṣẹ́ báńkì ní ìyàlẹ́nu ni bí kóòtù ẹlòmíràn ṣe bá Bàbá mu bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run bù kún oníbàárà tó yọ̀ǹda rẹ̀. Àkọ́bí dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì pé bó ṣe bá àwọn pa á mọ́ ni Bàbá fi lọ ní àlàáfíà, tí kò mọ nǹkan kan.

Màmá fúnra rẹ̀ ló gbé àga sin wa dé géètì. Ó bojú wẹ̀yìn, ó di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí mọ̀ pé bàbá wọn mọ̀. Ọkàn wọn ò lè gbà á."

"Mo gbọ́ mà," ni Ẹ-Jókòó wí. "Kò ní tẹnu mi jáde."