Òsì Ni Mo Fi Mú Máòsì

Bí eruku bá gbóná nínú kọ̀ǹpútà, òórùn rẹ̀ máa ń gbé mi padà sí ọ́fíìsì bàbá mi ní Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń ṣe géèmù oníbọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kíbọọ̀dù nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ̀. Kó tó yíjú, ọ̀tá á ti pa á. Nígbà tó kàn mí, èmi fi ọ̀tún tẹ kíbọọ̀dù láti rìn, mo fi òsì yí máòsì, ìbọn sì ń yí kíákíá.

Ìyá mi wọlé, wọ́n gbá mi lọ́wọ́. "Òsì kẹ̀? Fi ọ̀tún mú un!"

"Rárá, Mọ́mì. Òsì ló mọ̀ ọ́n ṣe."

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé ọlọ́wọ́ òsì ni Mọ́mì náà tẹ́lẹ̀, kí àwọn òbí wọn tó nà án kúrò lára wọn.

Mọ́mì tún gbé ọwọ́ sókè. Mi ò gbọ́wọ́ kúrò. Mo yìnbọn, ọ̀tá ṣubú.

"Ẹ wò ó, Mọ́mì, òsì ló pa á."