Ẹni Tí Yóò Mú Ìyá Ìrọ̀rí Relé

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 2023, ilé iṣẹ́ abẹ kan tó wà lókè ilé ìtajà oògùn dá obìnrin kan padà sílé láìfi abẹ kàn án lára. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà jẹ́rìí sí i, obìnrin náà fúnra rẹ̀ kò sì jiyàn. Ara rẹ̀ le, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára, dókítà ti fi gègé búlúù fa ilà sí i láyà. Ẹnìkan ṣoṣo ni kò wá.

Alágbàfọ̀ ni obìnrin náà, ọmọ ọdún méjìlélógójì. Ìdí tábìlì áyọ́ọ̀nù ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀ tán. Ní ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó ń pè é ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ìyá Ìrọ̀rí ni wọ́n ń pè é, nítorí ọmú rẹ̀. Ọmú náà tóbi débi pé kì í rí aṣọ tó ń lọ̀, àfi kó tẹ̀ síwájú. Bó bá ti tẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa ro ó bí ẹni pé wọ́n ń kan ìṣó mọ́ ọn. Okùn kọ́mú ti wa kòtò sí i ní èjìká méjèèjì. Nígbà ooru, abẹ́ ọmú á bó, á máa ta á, obìnrin náà á sì máa bu páúdà sí i nínú ìkọ̀kọ̀ lẹ́yìn àwọn kóòtù tí wọ́n so kọ́. Obìnrin tó ń ká aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù náà kò yé fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Ìyá Ìrọ̀rí, àyà rẹ ti dé o. Ìyókù dà?"

"Máa rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n so ó mọ́ lọ́rùn, abẹ́ tábìlì là bá ti máa wá ẹ."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Alágbàfọ̀ ti mọ̀ tipẹ́ pé bí òun ò bá bá wọn rín in, èébú ni yóò dà.

Orúkọ náà kò ti ìta wọlé, inú ilé ló ti jáde. Nígbà tí alágbàfọ̀ wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ìyá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ kan fún iṣẹ́ abẹ kékeré. Wọ́n ní yóò dé ní ìrọ̀lẹ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà, jókòó sẹ́nu ọ̀nà dè é. Ìyá kò dé. Baba wọn ti kú ṣáájú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yìí kò lè sùn àfi tó bá gbé orí lé àyà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun ló sọ fún àwọn ará ilé pé, "Èmi ò fẹ́ ìrọ̀rí yín. Àǹtí mi ni ìyá ìrọ̀rí." Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Àdúgbò gbé e, wọ́n sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, títí tí àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ rí fi ń fi kí i láti òdìkejì títì.

Àbúrò ti di olùkọ́ ilé ìwé jẹ́léósinmi báyìí. Wọ́n ṣì jọ ń gbé. Ó ń sàmì sí ìwé àwọn ọmọ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún un pé òun fẹ́ lọ dín ọmú òun kù.

"Ṣé àrùn wà níbẹ̀ ni?"

"Rárá."

"Àbí ọkùnrin kan ló sọ nǹkan?"

"Ọkùnrin wo ló kù tí kò tíì sọ nǹkan?"

"Àǹtí mi, bí Ọlọ́run ṣe dá yín nìyí."

"Bó ṣe dá irun tìẹ náà nìyẹn, o sì ń gé e."

"Irun ò lẹ́jẹ̀ nínú," ni àbúrò wí, ó sì tẹjú mọ́ ìwé tó wà níwájú rẹ̀.

Alágbàfọ̀ ní òun kò ní kàn ki orí bọ̀ ọ́. Ilé ẹwà kan wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù wọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, dígí ni gbogbo iwájú rẹ̀. Kò tilẹ̀ yà síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ ló ń bá ilé ẹwà náà fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń kó o wá, inú ẹ̀rọ kan náà tí ṣẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà ń wọ̀ ni wọ́n sì ń dà á sí.

"Bí ohun tí wọ́n fẹ́ kí n sùn lé bá rí báyìí," ló sọ fún aláká aṣọ, obìnrin tó máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ yẹn, "kí ni wọ́n máa fi gé mi?"

Ìkejì ni ti òkè ilé ìtajà oògùn. Níbẹ̀ náà, àárọ̀ lèèyàn ń wọlé, ìrọ̀lẹ́ lèèyàn ń padà sílé. Ó béèrè ìwé àṣẹ, wọ́n fi hàn án. Ó béèrè ẹni tí yóò fún òun ní oògùn oorun. Wọ́n ní dókítà ọ̀tọ̀ ni, kò sì ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí yóò fi jí. Ó béèrè ibi tí wọ́n máa gbé òun lọ bí nǹkan bá yíwọ́. Wọ́n dárúkọ ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti bá ṣàdéhùn. Dókítà obìnrin tí yóò ṣe iṣẹ́ náà sọ fún un láìfi nǹkan bò pé àpá yóò kù, àti pé orí ọmú lè má mọ ìfọwọ́kàn mọ́. Lẹ́yìn náà ni dókítà náà wá béèrè tirẹ̀.

"Ta ló máa mú yín relé?"

"Àbúrò mi."

"Kì í ṣe kó mú yín relé nìkan o. Ó gbọ́dọ̀ sùn tì yín, kó máa wò yín títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí a ò bá rí i níbí, a ò ní fún yín lóògùn oorun."

"Dókítà, àtọmọdé ló ti ń sùn tì mí. Bí mo ṣe máa lé e kúrò ni mi ò mọ̀."

Àbúrò gbà. Ó gbà lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tún gbà fún nọ́ọ̀sì lórí fóònù. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun máa lọ, òun yóò kọ́kọ́ yà gbàyè nílé ìwé, òun á sì bá a níbẹ̀.

Ní ilé iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Dókítà ní kó dìde, ó fa ilà sábẹ́ ọmú àti yíká rẹ̀. Alágbàfọ̀ wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó rí ibi tí ọmú yóò wà bó bá jí. Ó ga ju bó ṣe rò lọ. Láìmọ̀, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ń retí.

Fóònù àbúrò ń dún, kò gbé e. Nígbà tó yá, kò dún mọ́.

"Kò sí ẹlòmíràn, mà?" ni nọ́ọ̀sì béèrè.

Ó pe aláká aṣọ. Ìyẹn ní ọkọ òun kò ní gbà kí òun sùn síta.

"Ẹ jẹ́ kí n bẹ awakọ̀ kan."

"Awakọ̀ á gbé yín délé, á yípadà ni. Bí èémí yín bá wá yàtọ̀ lóru ńkọ́?"

"Àwọn onídígí ilé ẹwà yẹn ò ní bi mí."

"Mo mọ̀, mà," ni nọ́ọ̀sì wí. "Wọn ò ní bi yín lóòótọ́."

Alágbàfọ̀ wọ ẹ̀wù rẹ̀ lé ilà búlúù náà lórí. Wọ́n ní àyè ṣì wà fún un nígbàkúgbà tó bá ti rí ẹni mú wá. Títí di bí a ṣe ń kọ èyí, kò tíì padà lọ.

Nígbà tó délé, àbúrò jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Mo dé ìsàlẹ̀ ibẹ̀," ló wí. "Mo ti di irin àtẹ̀gùn mú. Ẹsẹ̀ mi ò gòkè."

Ẹ̀gbọ́n ń bọ́ ẹ̀wù.

"Wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ lẹ máa dé, Àǹtí mi. Ìrọ̀lẹ́ náà ni wọ́n ní màámi máa dé."

Alágbàfọ̀ bu omi sí bàsíà, ó mú ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àyà rẹ̀. Gègé dókítà kì í tètè lọ. Awọ pọ́n, ilà ṣì wà níbẹ̀. Àbúrò dìde, ó fẹ́ gba kàn-ìn-kàn-ìn lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí kò rí i gbà, ó tẹrí ba bí ìgbà tó wà lọ́mọdé, ó fẹ́ gbé orí lé ibi tó máa ń gbé e lé. Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ tútù dá iwájú orí rẹ̀ dúró.

"Ìwọ lo sùn lé e lórí," ló wí. "Èmi ni mo ń gbé e."